Fóònù Alhaji tó há sínú àga bàálù

Inú ọ̀rá dúdú ni fóònù náà wà nígbà tí Alhaji gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀tìgbà, nínú Computer Village ní Ìkẹjà. Ó ti tẹ̀ láti àárín, dígí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ túútúú, àmì kékeré inú rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí omi bá kàn án sì ti pọ́n. Kí Alhaji tó jókòó ló ti sọ ohun tó bá wá: kí n kọ ìwé fún òun pé àwọn tó ni bàálù ló fi omi ba fóònù òun jẹ́, kí òun lè fi gba owó òun lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mo ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà mọ̀ pé ibi tí a wà kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, àwọn ẹnjiníà bàálù sì wà lára àwọn oníbàárà mi. Ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ fóònù yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti Alhaji nínú bàálù, mo gbọ́ tẹnu tirẹ̀ náà lórí fóònù. Ti ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò, ohun tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà tí wọ́n fi dá Alhaji lóhùn ni mo kà. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, n kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ bàálù náà.

Léèsì ni Alhaji ń tà ní ọjà Balógun, lórí Erékùṣù Èkó. Ó lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ra ọjà láwìn ní Àbújá, ó sì ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìrìn àjò yẹn kì í ju bíi wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n kéde bí wọ́n ṣe máa ń kéde, pé kí oníkálùkù pa fóònù rẹ̀ tàbí kó fi sí flight mode, ìyẹn ètò inú fóònù tó ń gé e kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Alhaji tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, ojú fóònù ṣókùnkùn, lọ́kàn tirẹ̀ ó ti pa á. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí àgbàlagbà, àti ọ̀dọ́ pẹ̀lú, tó gbà pé bí iná ojú fóònù bá ti kú, fóònù ti kú nìyẹn.

Ó gbé fóònù lé itan, ó tẹ àga sẹ́yìn díẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tó máa jí, bàálù ti ń sọ̀ bọ̀ wá sí Èkó, fóònù kò sì sí lórí itan mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín ìdí àga àti apá àga, orí ìka rẹ̀ kàn án, àmọ́ bó ṣe ń gbìyànjú àtifà á jáde ló ń tì í wọnú sí i.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Alhaji ní òun sọ fún ọmọbìnrin tó ń yẹ bẹ́líìtì èrò wò pé, "Fóònù mi ti já sínú àga yìí o." Ọmọbìnrin náà, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà iléeṣẹ́ ti wí, ní bàbá kan ni òun rí tó tẹ àga sẹ́yìn, òun bẹ̀ ẹ́ kó gbé e dìde nítorí bàálù fẹ́ balẹ̀, kò dá òun lóhùn. Lójú tèmi, ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ó ní Alhaji sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó doríkodò sínú àga nígbà tó ń sọ ọ́, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ti kọjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tó máa padà wẹ̀yìn, àga ti dìde. Nǹkan kan ti dún kẹ́ẹ́ nísàlẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí òrùlé ilé àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú fèrèsé, ni fóònù bá ń dún nínú àga. Ìyàwó Alhaji ló ń pè, ó fẹ́ mọ ibi tí dírẹ́bà máa dúró sí. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n bá àga gbé ìpè.

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn pé fóònù tó há sínú àga, ọ̀rọ̀ iná ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó sọnù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àga yẹn mọ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kí Alhaji dìde lọ jókòó síwájú níbi tó ṣófo. Alhaji fárí gá. Orúkọ àwọn oníbàárà, iye tí oníkálùkù wọn jẹ, inú fóònù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. "Ọmọ tó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi ni yóò máa pàṣẹ fún mi?" Ọmọbìnrin náà tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ti le. Ìyá àgbà kan tó jókòó ní ìlà kejì ló yanjú rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ á balẹ̀ ná. Alààyè ló ń gba gbèsè." Ìgbà yẹn ló tó dìde.

Bí wọ́n ti balẹ̀, ọmọbìnrin náà ti sọ fún awakọ̀, awakọ̀ ti sọ fún àwọn ìsàlẹ̀. Èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, àwọn ẹnjiníà gòkè. Oníbàárà mi ní nígbà tí àwọn ṣí aṣọ ìdí àga, irin tó ń gbé ẹ̀yìn àga ló fún fóònù náà mọ́ férémù. Kò yọ èéfín, ṣùgbọ́n ó gbóná ju bó ṣe yẹ kí fóònù tó kàn ń dún gbóná lọ. Wọ́n da omi lé e lórí níbẹ̀, wọ́n tú irin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jù ú sínú garawa omi, wọ́n sì gbé e jáde. Alhaji tó kọ̀ láti kúrò lẹ́nu àtẹ̀gùn rí garawa náà bó ṣe ń bọ̀. Láti ìgbà yẹn, omi ni ọ̀tá. Àwọn èrò tó yẹ kí bàálù yẹn gbé lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n á máa sọ nínú gbọ̀ngán.

Alhaji kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé wọ́n rì fóònù òun sínú omi. Wọ́n dá a lóhùn ní ojú ìwé kan péré: èrò yìí kò fi fóònù rẹ̀ sí flight mode bí a ti kéde, fóònù náà dún nígbà tí bàálù ń balẹ̀, òun ló rú òfin, nítorí náà kò sí owó kankan.

Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Alhaji ń bá omi jà, iléeṣẹ́ ń bá flight mode jà, kò sì sí èyí tó fọ́ fóònù nínú méjèèjì. Òfin méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí tí wọ́n fi ṣe ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá sí ìdí ìkejì, àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn sì lọ́ wọn pọ̀.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ti rédíò ni. Ẹni tó ti ń lo fóònù láti 2001 tí GSM dé Nàìjíríà yóò rántí ariwo tì-tì-tí, tì-tì-tí tó máa ń jáde lára rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n kí ìpè tó wọlé. Irú ariwo yẹn ni awakọ̀ bàálù lè gbọ́ nínú ohun tó fi sétí bí fóònù kan bá ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nítòsí rẹ̀. Fóònù tó bá sì jìnnà sí òpó, ńṣe ló máa ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wá a. Ìgbà tí bàálù ń gbéra àti ìgbà tó ń balẹ̀ ni awakọ̀ nílò etí méjèèjì jù lọ. Kì í ṣe pé ìpè ìyàwó Alhaji ni yóò já bàálù lulẹ̀. Wọn kò kàn fẹ́ kí ohunkóhun dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní àkókò yẹn ni.

Òfin ti rédíò yìí ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, ní èrò lè máa lo fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé òpin, bó bá ti wà ní flight mode, tí iléeṣẹ́ bàálù sì ti yẹ bàálù tirẹ̀ wò pé kò ní pa á lára. Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ náà, nígbà tó sì di 2014 wọ́n tún gba iléeṣẹ́ tó bá ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ láyè kó má fi dandan lé flight mode pàápàá. Nítorí náà, ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé á gun bàálù níbí, á ní, "Wọn kì í pa á lọ́hùn-ún." Nílé níbí ní ọdún 2025, ẹ lè bọ́ sínú bàálù kan kí wọ́n ní flight mode ti tó, kí ẹ bọ́ sínú òmíràn kí wọ́n ní kí ẹ pa á pátápátá. Ibi tí àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí lè gbé èèyàn dé, gbogbo wa la rí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí ọ̀rọ̀ pípa fóònù nínú bàálù tó ti Uyo wá sí Èkó di ìjàkadì, tó di ilé ẹjọ́ ní Ìkẹjà, tó di Kirikiri, kí Festus Keyamo, mínísítà ọ̀rọ̀ bàálù, tó dá sí i tí wọ́n fi jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Mo fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ Alhaji kéré. Ìyá ìlà kejì yẹn ni kò jẹ́ kó tóbi.

Òfin kejì ni ti iná, kò sì kan flight mode rárá. Fóònù tí ẹ pa pátápátá, bí irin bá tẹ̀ ẹ́, ó lè gbaná. Mo gbé bátìrì àtijọ́ kan sórí tábìlì, mo ní kí Alhaji wò ó bíi léèsì tí wọ́n ká mọ́ pátákó: ìpele kan, rọ́bà tín-ínrín, ìpele kejì, wọ́n wá ká gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí rọ́bà yẹn bá ya, ìpele méjèèjì á fara kanra, ooru á bẹ̀rẹ̀, ooru yẹn á sì máa bí ooru mìíràn títí iná á fi yọ. Ohun tí wọ́n fi ń pa iná nínú bàálù lè pa ahọ́n iná tó ń jó, ṣùgbọ́n kì í mú ooru kúrò nínú bátìrì. Omi ló ń mú un kúrò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, garawa yanrìn ló wà lábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ni bátìrì tó bá ti wú ń lọ tààrà, nítorí ṣọ́ọ̀bù ni mo ní, mo lè sáré jáde. Ẹni tó wà lókè kò ní ibi tó máa sáré sí.

Alhaji ní àsọdùn ni. Mo sọ ti Qantas fún un, èyí tó ń ti Sydney lọ sí Dallas ní 2016, tí fóònù tí àga fún pa ti yọ èéfín nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé. Mo sọ ti Lufthansa ní oṣù kẹrin ọdún 2025: wọ́n ń ti Los Angeles lọ sí Frankfurt, èrò 461 ló wà nínú rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹnì kan há sínú àga, wọ́n sì yà bàálù ńlá yẹn sí Boston nítorí rẹ̀. "Nítorí tábúlẹ́ẹ̀tì?" Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì gbiná o, ó kàn há ni. Alhaji dákẹ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n yà bàálù sí Boston yẹn, torí oníṣòwò ni, ó mọ ohun tí epo á ná wọn.

Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè ti páwà báǹkì, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn arìnrìn-àjò ń rà á lọ́wọ́ wa. Bákan náà ni. Báàgì ọwọ́ ni ó gbọ́dọ̀ wà, kì í wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù, torí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí i bó bá gbóná. Èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ (Wh ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú bátìrì) kì í sábà ní wàhálà. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára, tí gbogbo èèyàn ń rà, jẹ́ bíi 74 Wh. Láti 100 dé 160, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí bàálù Air Busan jóná ní Kòríà ní oṣù kìíní ọdún 2025, tí àwọn olùwádìí sì ń fura sí páwà báǹkì, wọ́n ní kí èrò níbẹ̀ má fi í sínú àpótí òkè orí mọ́, kó wà níbi tí ojú ti lè tó o. Láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Emirates kò gbà kí èèyàn lò ó nínú bàálù wọn mọ́, bó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi tó ń lọ sí Dubai ṣì ń bá mi jà lórí èyí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe òfin náà.

Ẹ jẹ́ á padà sórí Alhaji. Mo ní ìwé tó ń bèèrè kò ní wúlò fún un, torí ẹnikẹ́ni tó bá mọ fóònù tó bá wò ó á rí i pé ó ti tẹ̀ kí omi tó dé. Ó ní kò burú, òun ní ẹlẹ́rìí pé òun sọ̀rọ̀ kí ọmọbìnrin yẹn tó gbé àga dìde. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà níwájú mi, ó gbé e sórí spíkà. Ọmọ náà kí i dáadáa, ó ròyìn bí mo ti ṣe kọ ọ́ sókè yìí, pé òun gbọ́ nígbà tí Alhaji sọ ọ́. Alhaji wá ní, "Nígbà yẹn ni ọmọbìnrin yẹn wá tẹ bọ́tìnnì, àbí?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ forí jì mí, Alhaji. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì yẹn. Mo ní kí n bá yín ṣe é, kó má baà máa pariwo mọ́ yín."

Alhaji ti tẹ̀ síwájú láti wá fóònù, kò sẹ́ni tó fara ti àga, nítorí náà bí ọmọ náà ti tẹ bọ́tìnnì, àga fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ mi kọjú sí ògiri kí ẹ̀rín má baà pa á. Alhaji wo fóònù, ó wò mí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì pa á. Ọmọ náà kò ṣe búburú, àgbà ló fẹ́ ràn lọ́wọ́. Òun ló gbọ́ pé fóònù ti já sínú àga, òun ló sì tẹ bọ́tìnnì, torí kò sí ohun kan nínú ìkéde tí wọ́n ṣe fún wọn tó sọ pé bí fóònù bá já síbẹ̀, ẹ má mú àga kúrò bó ṣe wà, ẹ pe òṣìṣẹ́. Mo bi í léèrè nígbà tí mo pè é padà. Ó ní wọ́n sọ ti bẹ́líìtì, wọ́n sọ ti sìgá, wọ́n sọ ti flight mode. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń kéde rẹ̀ lókè òkun, ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi iléeṣẹ́ yìí wà lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà wọn kò sì dé.

Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ fún Alhaji: pé irin ló tẹ fóònù náà láti ẹ̀gbẹ́, pé bátìrì rẹ̀ tẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì ya, pé lẹ́yìn èyí ni omi wọ̀ ọ́. Mo ní kó kọ lẹ́tà tuntun, kó gbà pé òun kò fi fóònù sí flight mode, kó sì bi wọ́n pé kí ni flight mode ì bá ti ṣe sí irin àga. Kó bi wọ́n pé ta ló sọ fún èrò ohun tó yẹ kó ṣe bí fóònù bá já. Kó sì yọ ọ̀rọ̀ omi kúrò. Ó jà fún omi yẹn díẹ̀ kó tó gbà.

Bọ́ọ̀dù fóònù kò kú. Mo fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, mo gbé bátìrì àti ojú fóònù mìíràn lé e fún ìgbà díẹ̀, mo kó orúkọ àwọn onígbèsè jáde pẹ̀lú fọ́tò àti ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Alhaji ní owó iṣẹ́ mi pọ̀, mo ní kó lọ béèrè iye tí àwọn onígbèsè Àbújá jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó san án, ṣùgbọ́n ó yọ díẹ̀.

Lẹ́tà kejì tí iléeṣẹ́ kọ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn kò ní san owó fóònù. Wọ́n ní àwọn máa fi ọ̀rọ̀ fóònù tó bá já sínú àga kún ìkéde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀dínwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀. Alhaji ní ìkéde kì í ṣe owó. Ó fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ẹ̀dínwó náà, ó sì ra fóònù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi. Ó gbé e wá kí n fi ibi tí flight mode wà hàn án, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ kúrò. Ó wá ní kí n máa retí ìyàwó òun lọ́jọ́ Sátidé, pé òun ló yẹ kí n kọ́ jù, torí òun ló ń pe èèyàn nígbà tí bàálù ń balẹ̀.